Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀: Ọ̀gá Agbẹ́gilére tí Àgbàlá Rẹ̀ Di Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́

Ilẹ̀kùn igi kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní British Museum ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ti gbé e lọ síbẹ̀. Òpó igi kan tí ó ti fìgbà kan gbé òrùlé ààfin kan náà ró wà ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, abọ́ igi ọlọ́mọrí kan tí a gbẹ́ ère sí lára sì wà ní Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀. Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó fi ṣe ibùgbé títí ọlọ́jọ́ fi dé ní ọdún 1938, ìdí sì nìyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ nípa ẹwà iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àgbàlá iṣẹ́ ọkùnrin yìí jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ilé-ìwé kankan tí ó ń dúró dè wọ́n. Lónìí, ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn abà oko tí ó yí wọn ká, àwọn ọmọ kan ṣì wà tí wọ́n ń fi ìwé sílẹ̀ ní agbede méjì, bóyá nítorí àìlówó, nítorí ikú òbí, nítorí iṣẹ́ oko, tàbí nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ kò wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ìdí nìyí tí ìtàn ìgbésí ayé Ọlọ́wẹ̀ fi yẹ ní títún gbọ́ ní àkókò yìí.

Ìgbà èwe rẹ̀

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú orí òkè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìlú tí a mọ̀ mọ ọnà gbígbẹ́ ni Ẹ̀fọ̀n. Níbẹ̀ ni ìdílé Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tí òun náà gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè, ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ wò títí di òní. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé igi lè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àkókò tí a bí i kì í ṣe àkókò ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn, ó sì di ọdún 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọmọ kékeré ni Ọlọ́wẹ̀ nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀; ó ti ń bọ́ sí ìgbà ọ̀dọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìran rẹ̀ ni ogun sọ di aláìlóbìí, tí ó kó wọn lẹ́rú, tàbí tí ó gbé wọn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ilé-ìwé kò tíì débi tí ọmọ oko lè máa lọ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí ó wà níwájú àwọn ọ̀dọ́ kan lónìí: ta ni yóò gbà wọ́n sílé, kí ni wọn yóò sì kọ́ tí yóò gbà wọ́n lọ́jọ́ iwájú?

Ní ti Ọlọ́wẹ̀, ààfin ni ó rí ìdáhùn. Ó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, ó lọ sí Ìsẹ̀, ó sì di ẹmẹsẹ̀ lọ́dọ̀ Arinjalẹ̀, ọba ìlú náà. Iṣẹ́ ẹmẹsẹ̀ ni kí ó máa jẹ́ iṣẹ́ fún ọba, kí ó máa gbé ọ̀rọ̀ ààfin lọ síbi tí wọ́n bá rán an, kí ó sì mọ bí a ti ń dúró, bí a ti ń kúnlẹ̀ àti bí a ti ń pa ẹnu mọ́ níwájú àgbà. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rí ohun tí ará ìta kì í rí. Ó ń rí ọba lórí ìtẹ́ àti ayaba tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rí ẹlẹ́ṣin, onílù, ìyá tí ó pọn ọmọ, àti ẹrú tí ó ru ẹrù. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni wọ́n padà jáde lára igi tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́. Ààfin ti kọ́ ojú rẹ̀ láti wò kí òkìkí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn.

Iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹ́rẹ́

Òkìkí rẹ̀ kúrò ní Ìsẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ṣe àwọn òpó àti ilẹ̀kùn tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga jùlọ, fún ààfin Ògògà, ní ìlú tí òkè Olósùnta àti Òròlé ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo òpó kan nínú wọn, èyí tí ó wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé tí ẹyẹ bà lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayaba àgbà dúró, ó ga ju ọba lọ, ó sì fi ọwọ́ di ẹ̀yìn ìtẹ́ náà mú. Ẹsẹ̀ ọba kò kan ilẹ̀. Ó ń mì lókè ni. Ara ayaba ni ìwúwo òrùlé gùn lé jùlọ. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére náà kò mọ ìwọ̀n. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹni tí ó ti sìn ní ààfin mọ̀ pé àwọn obìnrin ni wọ́n ń gbé adé lé ọba lórí, agbára wọn ni wọ́n sì fi ń dì í mú síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní ìtàn tirẹ̀. Lára rẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ti fi hàn bí òyìnbó aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Captain Ambrose, ṣe wá kí Ògògà ní àkókò tí ìjọba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ Èkìtì. Àwọn aláàárù ni wọ́n gbé òyìnbó náà wá, àwọn mìíràn sì ru ẹrù tẹ̀lé e. Ògògà kò dìde. Ó jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀, ayaba wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè dúró níwájú ilẹ̀kùn náà kí ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó gbàlejò, àti ẹni tí í ṣe àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ṣe kọ ìtàn ìlú láìfọwọ́ kan kálàmù.

Ohun tí ó ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ni bí àwọn ère náà ṣe yọ jáde lára pákó. Àwọn agbẹ́gilére mìíràn a máa fín àwòrán mọ́ ara ilẹ̀kùn débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ní ti Ọlọ́wẹ̀, orí àti èjìká àwọn ère rẹ̀ a máa yọ síta bí ẹni tí ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti wá bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kun wọ́n ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn ọba mìíràn náà gbọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ dé Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Ìléṣà.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1925, ó gbẹ́ abọ́ igi tí ó wà ní Washington. Àwọn ère tí ó kúnlẹ̀ ni ó gbé abọ́ náà lé ọwọ́, àárín wọn sì ni orí igi kan wà tí ó ń yí kiri, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é yọ jáde. Ara igi kan náà tí ó fi gbẹ́ abọ́ ni ó ti gbẹ́ orí yìí. Ó ki irin iṣẹ́ gba àárín àwọn ère ìyókù títí ó fi gé e kúrò lára wọn láìba ẹyọ kan jẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbá igi lójú rí yóò mọ iye sùúrù tí ó wà nínú iṣẹ́ náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó ìkọ̀wé

Ẹnì kan kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa Ọlọ́wẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ a máa tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà mìíràn. Ìlú kékeré ni Ìsẹ̀ nígbà náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Kí ọkùnrin kan máa darí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ohun kékeré.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Ọmọ kì í wá pẹ̀lú owó ilé-ìwé. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò mú un wá fún ọ̀gá, yóò sì máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá ṣe fún ọ̀gá, ní ìsọ̀ àti ní oko, ni owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò gbá ilẹ̀, yóò pọn omi, yóò sì pọ́n irin iṣẹ́ títí yóò fi mọ ohun tí irin tí ó mú yàtọ̀ sí èyí tí ó kú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní ohun kékeré gbẹ́, bí òòyà tàbí ìgbákọ, èyí tí kò ní dun ẹnikẹ́ni bí ó bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ ère fúnra rẹ̀ ní ìpele. Èkíní ni lílé ọnà, níbi tí ọ̀gá yóò ti fi àáké gé igi sí ìrísí orí, ara àti ẹsẹ̀. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí a ó mú kí ara ère jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí a ó ti fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi dídán, nítorí níbẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ kéré. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gòkè, títí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbé igi tútù lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi àáké rẹ̀ kọ́kọ́ lé ọnà fúnra rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan náà la ń gé e lulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó mú kí irú ẹ̀kọ́ yìí di ọmọ mú. Ojúlówó iṣẹ́ ni ọmọ ń ṣe. Ère tí ó bá dán lónìí, ààfin ni yóò wà lọ́la, yóò sì rí i bí ọba ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpele sì wà, tí ọmọ fi ń mọ̀ pé òun ti kúrò níbi tí òun wà lánàá. Ọ̀gá kò rán an níṣẹ́ kí ó lọ jókòó. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, oníbàárà wà. Ọba gbé iṣẹ́ wá, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi wà fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láìsí Arinjalẹ̀ àti Ògògà, kò bá tí sí àgbàlá Ọlọ́wẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Àgbàlá náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkà. Ọmọbìnrin kò sí níbẹ̀, nítorí àṣà fi igi gbígbẹ́ sọ́wọ́ ọkùnrin. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ tí àwọn obìnrin ń kọ́ ara wọn wà níbòmíràn, bí ìkòkò mímọ ní Ìsàn-Èkìtì àti aṣọ híhun káàkiri ilẹ̀ Èkìtì. Ọmọ iṣẹ́ kò sì ní ẹ̀rí kankan tí yóò fi han àjèjì ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí oníbàárà lọ

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti pàtẹ ohun tí ó wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà gbà láti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí ààyè èyí tí ó lọ.

Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ fi máa kú ní 1938, nǹkan ti ń yí padà. Páànù àti sìmẹ́ńtì ti ń gba ipò òpó igi ní ààfin. Ìsìn titun dín iye àwọn tí ń ra ère fún ojúbọ kù. Ilé-ìwé àwọn ìjọ ti ń tàn ká, òbí tí ó bá sì lágbára a máa fẹ́ kí ọmọ òun di akọ̀wé tàbí tíṣà. Kò sí àṣẹ kankan tí ó ti àgbàlá àwọn agbẹ́gilére pa. Nígbà tí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ wá dínkù, ẹni tí yóò wá kọ́ṣẹ́ náà dínkù.

Ẹ̀rí èyí tún hàn ní ilẹ̀ Èkìtì wa ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láti 1947 sí 1954 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, tí Fadá Kevin Carroll wà lára wọn, ṣe àgbékalẹ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìjọ ni ó di oníbàárà níbẹ̀: wọ́n ń fẹ́ ilẹ̀kùn, ère àti ohun èlò fún ilé ìsìn, kí a sì gbẹ́ wọn ní ìlànà Yorùbá. Bándélé, ọmọ Aréògún tí í ṣe ọ̀gá agbẹ́gilére ní Ọ̀sì, ni ó di olùkọ́. Lára àwọn tí ó kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ó lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Làmídì padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé kí ó tó jáde láyé ní 2009. Níbi tí a bá ti rí ọ̀gá, iṣẹ́ gidi àti ẹni tí yóò ra iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́ yóò dúró kọ́ṣẹ́.

Orúkọ tí kò parẹ́

Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ìwé kankan nípa ara rẹ̀. Ẹnu àwọn ará ilé rẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ wà. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ tí ó ṣì wà láyé ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ó sì gbà á sílẹ̀. Ní 1998, Roslyn Walker ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní Washington. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ó jẹ́ ẹmẹsẹ̀ ní Ìsẹ̀ di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé lé lórí.

Kí ni èyí kọ́ àwa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí? Kì í ṣe pé kí a mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kí ó lọ máa gbẹ́ igi. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé ọdún mẹ́sàn-án, láti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí girama kékeré, jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lónìí kò lè ka ìwọ̀n lórí ẹ̀rọ, kò sì lè ka àdéhùn tí wọ́n fẹ́ kí ó tọwọ́ bọ̀. Ètò AGILE tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe ìrànwọ́ fún, tí Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ń ran àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ́wọ́ láti parí ẹ̀kọ́ wọn, ó sì ń wá ọ̀nà ẹ̀ẹ̀kejì fún àwọn tí ìwé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Àléébù tí àgbàlá Ọlọ́wẹ̀ ní nípa ọmọbìnrin àti nípa ìwé, ìgbà tiwa lè tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òfin nìkan kò lè ṣe. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ wẹ́ẹ́dà, iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré nílò kí ẹnì kan gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí a bá ń kọ́ ààfin, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ara wa, tí a sì lọ ń ra gbogbo ilẹ̀kùn àti àga láti òkèèrè, àwa fúnra wa ni a ń ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà pa. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A lè fi kún un pé ọmọ tí a kọ́ tí a kò fún níṣẹ́ yóò fi ìlú sílẹ̀.

Ògògà kò gba òpó àti ilẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé iṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fún un ní ọdún mẹ́rin láti ṣe é dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ rékọjá òkun, ìlú kò ṣófo, nítorí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ṣì wà nílé, ó sì lè gbẹ́ òmíràn.